Ẹ Má Jẹ́ Ká Máa Tọrọ Owó Ara Wa: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Gómìnà Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà

Sí Ọ̀gbẹ́ni Olayemi Cardoso,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Ẹ kú àmójútó owó ìlú. Aránṣọ obìnrin ni mí ní Abẹ́òkúta. Mo ní ṣọ́ọ̀bù, mo ní àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, mo ní ilé tí mò ń tọ́jú, mo sì ní àkáǹtì ní báńkì. Ọ̀rọ̀ àkáǹtì yẹn ló mú mi kọ̀wé sí yín. Mi ò ní dárúkọ báńkì mi, nítorí mo ti bá àwọn aládùúgbò àti àwọn oníbàárà mi sọ ọ́, báńkì tí oníkálukú wọn ń lò yàtọ̀ síra, àmọ́ ẹjọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń rò.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Tí wọ́n bá yọ owó nínú àkáǹtì wa, tí owó náà kò sì dé ibi tó ń lọ, kí báńkì fúnra rẹ̀ dá a padà, láìjẹ́ pé a lọ tò síwájú kántà láti bẹ̀bẹ̀ fún un. Mo mọ̀ pé òfin ti wà lórí èyí. Ẹni tó ń sáré kiri kí òfin náà tó ṣiṣẹ́ ni mo fẹ́ ká jọ wò.

Àárọ̀ ni mo máa ń gbọ́ ìròyìn. Rédíò wà lójú fèrèsé ilé ìdáná, bí mo ṣe ń se oúnjẹ tí àwọn ọmọ yóò gbé lọ sílé ìwé ni wọ́n ń ka ohun tí ìwé ìròyìn gbé jáde. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbọ́ lóṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2024 pé ẹ pàṣẹ kí àwọn báńkì fi kún owó ìdókòwò wọn. Ẹ ní báńkì tó ń ṣòwò dé òkè òkun gbọ́dọ̀ ní bílíọ̀nù 500 náírà, èyí tó ń ṣe é káàkiri Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní bílíọ̀nù 200, èyí tó mọ sí agbègbè kan gbọ́dọ̀ ní bílíọ̀nù 50. Ẹ dá ọjọ́ 31 oṣù Ẹrẹ́nà 2026 fún wọn. Mo sì rí i bí wọ́n ṣe dìde. Ìpolówó pé ká wá ra ìpín ìdókòwò kún orí rédíò, ó kún inú fóònù wa. Ní ẹ̀ka tí mò ń lọ, wọ́n tẹ́ tábìlì kan sẹ́nu ọ̀nà nítorí rẹ̀, òṣìṣẹ́ dúró tì í tí yóò ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni tó bá yà síbẹ̀, ní èdè tó bá gbọ́.

Mo gbọ́ bákan náà pé èrè tí àwọn kan nínú àwọn báńkì ńlá jẹ lọ́dún 2024 lé ní tírílíọ̀nù kan náírà kí wọ́n tó yọ owó orí. Mi ò bínú sí èrè. Èmi náà ń ṣòwò, mo mọ̀ pé ọjà tí kò bá lérè kì í pẹ́ kógbá wọlé. Ohun tí mo dì mú nínú ìròyìn méjèèjì ni pé owó kò wọ́n báńkì láti fi tún iṣẹ́ wọn ṣe, àti pé bí Báńkì Àpapọ̀ bá sọ̀rọ̀, tó dá ọjọ́ sí i, tí wọ́n sì mọ̀ pé ìyà ń bẹ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ń gbọ́ràn.

Lóṣù Òkúdù ọdún 2020, kí ẹ tó dórí àga yìí, ilé iṣẹ́ yín là á sílẹ̀ kedere. Bí ATM báńkì tí mò ń lò bá yọ owó mi tí owó kò sì jáde, ojú ẹsẹ̀ ni kó padà. Bí ẹ̀rọ bá kọ̀, kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 24. Tó bá jẹ́ ATM báńkì mìíràn ni mo lò, wákàtí 48. Tó bá jẹ́ POS tàbí orí íntánẹ́ẹ̀tì, wákàtí 72. Òfin tó dára ni. Ẹ wá jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí nínú ọjà Ìtòkú fún yín.

Ìtòkú ni ọjà adìrẹ wa. Ibẹ̀ ni mo ti ń ra adìrẹ tí mo fi ń rán bùbá àti aṣọ ọmọdé. Tẹ́lẹ̀, owó pépà la fi ń ná an. Àmọ́ ẹ rántí ọ̀wọ́n owó ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ní ká kó náírà 200, 500 àti 1,000 àtijọ́ lọ sí báńkì, tí a kó o lọ, tí a kò sì rí tuntun gbà. Lóṣù Èrèlé ọdún náà, inú bí àwọn èèyàn débi tí wọ́n fi tú sí ìgboro ní Abẹ́òkúta níbí àti ní Ìbàdàn. Ọjọ́ 3 oṣù Ẹrẹ́nà ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó sọ pé kí owó àtijọ́ ṣì máa jẹ́ níná títí di òpin ọdún. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́jà tí kò fẹ́ gbọ́ nípa fífi fóònù sanwó kọ́ ọ tipátipá. Wọ́n lẹ nọ́ńbà àkáǹtì mọ́ ara ògiri, wọ́n gba ẹ̀rọ POS sílé. Ìjọba ló fẹ́ ká dín owó pépà kù, a sì ṣe bí wọ́n ṣe fẹ́.

Wàyí o, mo mú adìrẹ, mo fún ìyá aláṣọ ní káàdì, mo tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ mi. Ẹ̀rọ POS ní owó kò lọ. Fóònù mi dún lójú ẹsẹ̀ pé wọ́n ti yọ ọ́. Mo na fóònù sí ìyá kó rí i. Ó wò ó, ó tún wo ìwé pélébé tí ẹ̀rọ tirẹ̀ tẹ̀ jáde. Ìyá yìí ti mọ̀ mí tipẹ́, ọmọ mi ló máa ń pè mí, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ jìbìtì ti fi ayédèrú alẹ́ẹ̀tì kó o láṣọ lọ rí. Kò fẹ́ wò mí bí olè. Èmi náà kò fẹ́ kó dà bíi pé mo fẹ́ gbé aṣọ sá lọ. Ó ní, “Ọmọ mi, fìdí lélẹ̀ díẹ̀, bóyá á wọlé.” Mo fìdí lélẹ̀. Àwọn ọmọ ń pè mí láti ṣọ́ọ̀bù pé oníbàárà ti dé, ó ń retí mi. Oníbàárà mìíràn wá bá ìyá, ó ń dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára mi. Owó kò wọlé. Kí n tún san án lẹ́ẹ̀kejì ni, àbí kí n fi aṣọ sílẹ̀ kí n lọ sọ fún ẹni tó gbéṣẹ́ fún mi pé mi ò rí i rà? Ẹni tí owó mìíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ló lè tún un san.

Wọ́n máa ń ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló fà á. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n owó náà kò bọ́ sínú odò. Ó wà lọ́wọ́ ẹnì kan láàárín báńkì tèmi àti báńkì ti ìyá, àkọsílẹ̀ wọn sì lè sọ ẹni náà. Èmi àti ìyá aláṣọ ni kò mọ̀, síbẹ̀ àwa méjèèjì ló ń wo ara wa bí ẹni pé ọ̀kan nínú wa ń purọ́. Nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín, èyí ló dùn mí jù. Ọjà wa dúró lórí pé mo mọ̀ ọ́, o mọ̀ mí, mú un lọ, wá san lọ́jọ́ Ẹtì. Àṣìṣe báńkì ń ba ìyẹn jẹ́, kò sì sí nínú ohun tí wọ́n ń kà sí gbèsè.

Wákàtí 72 kọjá, owó kò padà, mo gba báńkì lọ. Ó lè pẹ́ tí ẹ ti tò ní ẹ̀ka báńkì ládùúgbò, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ròyìn rẹ̀. Kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn ni ìlà ti dé etí títì. Sẹ́kúríti ló ń tọ́jú wa. Òun ló mọ ẹni tó kọ́kọ́ dé, òun ló ń wá ìjókòó fún aláboyún, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ilé, ọ̀pọ̀ àga tó wà lẹ́yìn kántà ni kò sí ẹni tó jókòó sí i. Tábìlì kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹ̀sùn, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀. Òun náà ló ń ṣí àkáǹtì, òun ló ń ṣe káàdì tuntun, òun ló ń pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù fún ẹni tí wọ́n jí tirẹ̀. Nígbà tó kàn mí, ó fún mi ní fọ́ọ̀mù. Mo kọ ọ́ tán, ó ní kí n máa lọ sílé. Mo béèrè nọ́ńbà tí mo lè fi tọpa ẹ̀sùn náà, ó ní òun ti fi ránṣẹ́ sí Èkó. Mo béèrè ìgbà tí èsì máa dé, ó ní òun ò lè sọ.

Mo pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì. Ohùn inú ẹ̀rọ ní kí n tẹ èyí, kí n tẹ tọ̀hún, orin bẹ̀rẹ̀, owó ìpè mi ń lọ. Nígbà tí èèyàn gbé e, gbogbo ohun tí mo ti kọ sínú fọ́ọ̀mù ló tún bi mí. Kò sí ẹni tó bú mi o. Gbogbo wọn ló ní kí n má bínú. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n fún lágbára láti tẹ ohunkóhun kí owó mi padà. Àwọn tí à ń rí kò lágbára, àwọn tó lágbára a kì í rí wọn. Ìdí nìyí tí mi ò fi ní gbà kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìwà àwọn ọ̀dọ́ tó wà ní kántà ló burú. Ọ̀pọ̀ wọn ni kì í ṣe òṣìṣẹ́ báńkì gan-an, ilé iṣẹ́ agbaniṣíṣẹ́ ló gbé wọn wá, orí ìdúró ni wọ́n ń wà láti àárọ̀. Ẹni tó pinnu pé ẹnì kan ṣoṣo ló máa gbọ́ ẹ̀sùn gbogbo ìlú ni kí ẹ bá wí.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ìgbà tí owó bá ń lọ sọ́dọ̀ wọn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Ẹrẹ́nà 2025, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe là á sílẹ̀, bí mo bá lọ sí ATM báńkì mìíràn, 100 náírà ni wọ́n ń yọ lórí 20,000 tí mo bá gbà. Bí ATM náà kò bá sí nínú ọgbà báńkì, wọ́n tún lè fi tó 500 lé e. Owó yìí kì í falẹ̀. Kò béèrè fọ́ọ̀mù, wọn kì í fi ránṣẹ́ sí Èkó kó tó jáde. Kí n tó kó owó mi sínú báàgì ni alẹ́ẹ̀tì ti dé. Ẹ̀rọ tó lè mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé èmi kọ́ ni oníbàárà báńkì yìí, tó sì lè yọ 100 mi, báwo ni kò ṣe lè mọ̀ pé òun kò kó owó jáde fún mi? Wọ́n mọ̀ wá dáadáa. Láti ọdún 2014 ni a ti ń tẹ̀ka fún BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì. Nígbà tí ẹ tún ní ká so NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, mọ́ àkáǹtì, tí ẹ dá ọjọ́ sí i lọ́dún 2024, báńkì rí wa kàn, wọ́n kọ̀wé sí fóònù wa lemọ́lemọ́ pé bí a kò bá ṣe é, a kò ní lè fọwọ́ kan owó wa. Ojú tí wọ́n fi ń rí wa nígbà yẹn, kí wọ́n máa fi rí wa nígbà tí gbèsè bá wà lọ́rùn tiwọn náà.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tó ń dúró, nítorí mi ò rí ìwé òfin kankan tó kà á. Ọjọ́ tí mo lọ sí báńkì, aṣọ àwọn ọmọ wà nínú omi ọṣẹ láti òwúrọ̀. A kò tíì pọn omi. Aṣọ òde Sátidé wà lórí ẹ̀rọ, mo ti gé e, kò tíì sí ẹni tó lè so ó pọ̀ àfi èmi. Àwọn ọmọ iṣẹ́ jókòó, wọn kò mọ èyí tí wọn yóò ṣe. Kí n tó padà délé, ọmọ ti ilé ìwé dé, ebi ń pa á. Iṣẹ́ ọ̀sán yẹn di iṣẹ́ òru, mo sì ra epo sí jẹnẹrétọ̀ láti fi rán aṣọ tó yẹ kí n fi ojú ọjọ́ rán. Owó epo yẹn, ta ni yóò san án? Ọ̀pọ̀ ẹni tí mo bá lórí ìlà, obìnrin bíi tèmi ni, òmíràn gbọ́mọ pọ̀n. Kò sí ẹnikẹ́ni nílé tí yóò bá wọn ṣe ohun tí wọ́n fi sílẹ̀. Bí báńkì bá pẹ́ kó tó dá owó padà, owó náà kọ́ nìkan ló gbà lọ́wọ́ wa, ó gba ọ̀sán wa, ó gba oorun wa.

Ìyá kan wà ládùúgbò wa tó ń ta ẹ̀kọ. Ó ti dàgbà, kì í ka Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní kí ọmọ-ọmọ òun bá òun gba owó lọ́dọ̀ oní-POS, wọ́n yọ owó, oní-POS ní kò dé ọ̀dọ̀ òun. Mo tẹ̀ lé e lọ sí báńkì tirẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ní Ẹ̀gbá, òṣìṣẹ́ dá a lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe pé ọmọ náà kò gbọ́ Yorùbá, orúkọ tó wà láyà rẹ̀, orúkọ Yorùbá ni. Bí wọ́n ṣe kọ́ wọn pé kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Ìyá wo ojú mi kí n bá a dáhùn, ní ìlú tí wọ́n bí i sí, lórí owó tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa. Fọ́ọ̀mù náà, Gẹ̀ẹ́sì ni. Èmi ni mo bá a kọ ọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ọ̀gá mi, ẹ̀yin sì ni àgbà ọjà yìí.

Mo mọ̀ pé ẹ ní ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà. Ìlànà yín ni pé ká kọ́kọ́ fi ẹ̀sùn sun báńkì, ká fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì, bí kò bá sì yanjú, ká kọ̀wé sí yín. A lè fi í-meèlì ránṣẹ́, a sì lè gbé lẹ́tà lọ sí ẹ̀ka yín, èyí tó wà ní Abẹ́òkúta níbí náà. Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ fi ojú ìyá ẹlẹ́kọ wò ó. Ẹni tí kò lè ka fọ́ọ̀mù báńkì ni ẹ ní kó kọ lẹ́tà sí Báńkì Àpapọ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ tí wọ́n há mọ́lẹ̀ jẹ́ owó àgbàdo ọ̀sẹ̀ yìí ni ẹ ní kó dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ wọn ń fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Báńkì á sì kà á sí pé kò sí ẹ̀sùn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nígbà tí àwọn báńkì kan pààrọ̀ ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ lápá ìparí ọdún 2024, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì rí owó wọn lò. Àwọn tó lẹ́nu lórí íntánẹ́ẹ̀tì pariwo, a gbọ́ tiwọn. Àwọn tí kò ní ibi tí wọ́n ti lè pariwo wà nílé, wọ́n ń yáwó ra gàrí.

Nídìí iṣẹ́ tiwa, bí aránṣọ bá fi irin jó léèsì oníbàárà, òun ni yóò ra òmíràn. Oníbàárà kọ́ ni yóò máa wá sí ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀ láti fi hàn pé léèsì òun jóná lóòótọ́. Ohun tí mò ń bẹ̀ fún kò ju ìyẹn lọ. Kí ẹ gbé ẹrù ẹ̀rí kúrò lórí wa, kí ẹ gbé e lé báńkì. Bí wákàtí tí ẹ dá bá ti pé, kí owó wọlé fúnra rẹ̀. Bí báńkì bá rò pé ẹnì kan ń purọ́, kí òun náà wá sọ ọ́, kó mú ẹ̀rí rẹ̀ wá. Bí ó bá sì kọjá wákàtí náà, kí báńkì san owó ìtánràn, kì í ṣe sínú àpò ìjọba, inú àkáǹtì ẹni tí wọ́n dá dúró ni kó lọ, kó sì máa gun sí i lójoojúmọ́ títí gbèsè yóò fi tán. Ìgbà tí ìdádúró bá bẹ̀rẹ̀ sí í ná wọn lówó bó ṣe ń ná wa ni àga ẹ̀yìn kántà yóò lẹ́ni tó jókòó sí i.

Ẹ tún jẹ́ kó di dandan pé gbogbo ẹ̀sùn ní nọ́ńbà, kí ẹni tó fi sùn mú nọ́ńbà náà dání lọ sílé. Kí á lè fi Yorùbá, Haúsá, Ígbò àti èdè ìbílẹ̀ mìíràn fẹjọ́ sùn, ní ẹnu tàbí nínú ìwé. Kí ẹ máa gbé e jáde lóṣù mẹ́ta mẹ́ta iye owó tí báńkì kọ̀ọ̀kan há mọ́lẹ̀ tó kọjá wákàtí tí ẹ dá, kí ẹ dárúkọ wọn, kí rédíò kà á fún wa bí wọ́n ṣe ń ka èrè wọn. Bí mo bá mọ báńkì tó ń tètè dá owó padà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo máa gbé tèmi lọ, ọ̀pọ̀ ará Ìtòkú á sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Owó tèmi padà nígbà tó yá. Ó kàn wọlé lóru ọjọ́ kan, láìsí àlàyé, láìsí ẹ kú sùúrù. Mo ti lọ san ti ìyá aláṣọ kó tó dé. Ti ìyá ẹlẹ́kọ kò tíì padà bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ọ̀sẹ̀ méjì náà sì ti kọjá. Mò ń bọ̀ wá fi lẹ́tà rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀ka yín ní Abẹ́òkúta. Yorùbá la fi kọ ọ́, bó ṣe rò ó gan-an, ó sì ti fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Mò ń bẹ̀ yín kí ẹ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ yín kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ wa.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Aránṣọ kan ní Abẹ́òkúta